Ohùn Tí Ń Ti Bọ́ọ̀lù Wọlé

Ẹnikẹ́ni kò yan Delbert Hoke sípò olórí aláriwo ní Bremer Fork. Ohùn rẹ̀ ló yàn án. Ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo gbogbo agbègbè wa sí lẹ́bàá ojú irin ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń mú àgbàdo gbẹ níbẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń pariwo mọ́ àwọn awakọ̀ ẹrù, nígbà tó sì yá, ohùn náà kò mọ̀ mọ́ pé ó yẹ kí òun sinmi bí iṣẹ́ bá parí. Noreen ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí Delbert bá sọ̀rọ̀ àṣírí lórí ibùsùn, aládùúgbò tó wà ní òdìkejì títì ló ń dá a lóhùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Corbin. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, Delbert kan apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí mọ́ ara abà, bí gbogbo baba ní Indiana ti ń ṣe kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Bọ́ọ̀lù náà wúwo fún un. Corbin á gbé e sọ̀ kalẹ̀ títí dé orúnkún, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì, kó tó jù ú sókè. Baba rẹ̀ tó ń tún tirakitọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á máa fi orúkọ rẹ̀ ki í láyà. “Kọ́ọ́ọ́ọ́,” bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sílẹ̀, “bíìn!” bó bá kúrò lọ́wọ́. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é nígbà ooru àti nígbà yìnyín, títí ọwọ́ ọmọ àti ẹnu baba fi di nǹkan kan náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ.

Gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù ilé ìwé girama wa gba èrò ju iye ènìyàn tó ń gbé ìlú lọ. A kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìlú kejì ti kọ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Corbin ti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ lójú èrò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ibẹ̀ náà ni Delbert ti gbàgbé pé òun kò sí lẹ́yìn abà. Ó fi gbogbo ọ̀fun pè é. Bọ́ọ̀lù wọlé láìkan irin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ìlà ìjókòó tí Delbert wà ló bá a pè é. Kí yìnyín tó yọ́ lọ́dún yẹn, tajá tẹran ló ti mọ̀ ọ́n. Marvella Pruitt, akọ̀wé ilé ìwé, tó tún jẹ́ olórí akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wá pín gbọ̀ngàn sí méjì: apá ọ̀tún ló ni “Kọ́ọ́ọ́ọ́,” apá òsì ló ni “bíìn!” Ó ń fi ọwọ́ darí wọn bí ó ti ń darí orin Kérésìmesì, ẹni tó bá sì ṣi apá tirẹ̀ pè, ojú ni yóò fi bá a wí.

Ẹ má bi mí bóyá ariwo ló ń ti bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ bi Bremer Fork. Ìlú tó gbàgbọ́ pé bí ẹnìkan bá ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń borí, òun ló fa bí wọ́n ṣe pàdánù, kí ni kò ní gbàgbọ́?

Ní yunifásítì, nǹkan tún wá dára sí i, ìyẹn gan-an ló sì burú. Kóòṣì ibẹ̀ rí ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè bí ẹni ń sọ òkò sínú odò, ó sì kó àwọn òmìrán rẹ̀ jọ, ó ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dúró bí ògiri. Ẹni tó bá ń lé Corbin á forí sọ ògiri yìí, á forí sọ ìyẹn. Kó tó yí wọn ká, Corbin ti gba bọ́ọ̀lù, ó ti gbé e dé orúnkún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti pe orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọ̀n ti mì. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ilé àgbàdo gogoro tí baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, imú rẹ̀ sì tóbi ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ kan nínú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní kó wá dán ara rẹ̀ wò. Ìlú ńlá wọn kò jìnnà sí wa jù, nítorí náà Delbert gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì bá ọmọ rẹ̀ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Tolliver lorúkọ ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní jíju bọ́ọ̀lù. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kò sì ka ariwo sí.

“Ọ̀gbẹ́ni Hoke,” ni Tolliver wí, “ọwọ́ ọmọ yín mọ́. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ fi fajú ro?”

“Ó ń pẹ́ jù. Ìlà tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù tó ń mú àmì mẹ́ta wá níbí jìnnà ju ti yunifásítì lọ, ó sì tún ń kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù lọ kí orúnkún.”

“Jíjìn kẹ̀! Láti ẹ̀yìn tirakitọ mi ló ti ń jù ú láti kékeré.”

“Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tirakitọ kì í fò sókè, Ọ̀gbẹ́ni Hoke.”

Delbert wo pápá. Àwọn tó ń lé ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ ga bí òpó iná, apá wọn gùn, wọn kì í sì í forí sọ ògiri. Wọ́n ń yọ́ kọjá láàárín rẹ̀. Bí Corbin bá fi máa gbé bọ́ọ̀lù dé orúnkún, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà lójú rẹ̀. Bó bá sì kan kí òun náà lé ènìyàn, àánú ló ń ṣeni. Àwọn alátakò á fi ojú wá ibi tó wà, wọ́n á sì pe ẹni tó yára jù láàárín wọn wá síwájú rẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń wá ojú ibi tí ọgbà ti ya.

“Gbogbo ọdún ni wọ́n ń kó irú rẹ̀ wá,” ni Tolliver wí. “Ní ilé ìwé, ogun ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ kí ẹnìkan lè ráyè jù ú. Níbí, kò sí ẹni tó ní àyè yẹn fún un. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. A ó gé orúnkún yẹn kúrò.”

“Ẹ gé kí ni?”

“Nínú jíjù rẹ̀, sà.”

Gbogbo ìgbà ooru yẹn ni Corbin fi kọ́ ọ. Ibi àyà tó bá ti gba bọ́ọ̀lù náà ni yóò ti jù ú. Delbert kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ó dà bí ẹni tó ju ọ̀dùnkún gbígbóná nù. Ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àyè ẹnìkan péré ló ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ náà, Corbin àti ọmọkùnrin Louisiana kan ló sì ń dù ú. Ìfigagbága ìmúrasílẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ fi mọ ẹni tí wọn yóò mú.

Ta ni yóò sọ fún Bremer Fork pé kó jókòó sílé? Marvella gba bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Amstutz, tó ń tún táyà ṣe, ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa. Wọ́n gbéra lọ́sàn-án, wọ́n yà jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ díndín lọ́nà, ẹran inú rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju búrẹ́dì tó bò ó lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé Amstutz ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé, eré ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ ti pàdánù o,” ni ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wí. “Ọmọ kan wà nínú ibẹ̀ tó ń jẹ́ Hoke. Gbogbo èyí tó jù ló wọlé.”

“Láìsí àwa?” Marvella pariwo. “Ẹ jẹ́ ká tètè wọlé. Ọmọ náà á ti rẹ̀ ẹ́!”

Wọ́n jókòó, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún ju bọ́ọ̀lù sí Corbin. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Delbert dìde. “KỌ́Ọ́Ọ́Ọ́—” gbogbo Bremer Fork sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní orí pápá, Corbin gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó ti kúrò ní àyà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kí orúnkún, ó ń dúró de ìyókù orúkọ. Alátakò tó ti kẹ̀yìn sí i gbọ́ ariwo, ó yíjú padà, ó fò. Nígbà tí apá òsì fi máa pe “bíìn,” bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ obìnrin kan ní ìlà kẹta ìjókòó.

“Ẹ kò pè é dáadáa,” ni Marvella wí. “Apá ọ̀tún, ẹ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu!”

Wọ́n pè é dáadáa. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ Corbin bá kan bọ́ọ̀lù títí eré fi parí ni wọ́n ń pè é, bí kò sì ṣe ń wọlé ni wọ́n ń fi kún ohùn. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ gidi, ẹ má ṣe fi ojú ìkà wò wọ́n. Delbert pariwo títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, títí Noreen fi dì í níbàdí kó má baà ré bọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin Louisiana náà, tí ẹnikẹ́ni kò ti ìlú rẹ̀ wá wò, ju tirẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òun ni wọ́n mú.

Ibi ẹ̀rọ kọfí ní ilé oúnjẹ Bremer Fork ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní Tolliver ló ba ọwọ́ ọmọ jẹ́. Delbert náà sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbé e kọjá ojú irin.

Ẹgbẹ́ kékeré méjì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá lè rántí wọn, ló ní kí Corbin wá. Ọ̀kan kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí ilé lọ. Èkejì wà ní South Dakota, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti màlúù ṣubú. Corbin mú South Dakota.

“Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?” Delbert bi í lẹ́nu ọ̀nà. “Gbogbo ọjọ́ tí o bá ju bọ́ọ̀lù ní tòsí yìí la máa wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀, Dádì,” ni Corbin wí, ó sì ń wo okùn bàtà rẹ̀. “Wọ́n ní oúnjẹ wọn dára níbẹ̀.”

Oúnjẹ South Dakota kẹ̀! Delbert kò gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọnú egungun. Látìgbà tí ọmọ náà ti gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà kankan tó jù ú lójú èrò tí baba rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní báyìí, orí fóònù ló ti ń gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣe dáadáa, pé ó ń ṣe dáadáa gan-an ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wòran níbẹ̀ kò kún yàrá ìjẹun. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá òun tọ́ ọmọ.

Ní oṣù Kejì ọdún, Corbin sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọkùnrin Louisiana náà ti kán lẹ́sẹ̀, àti pé Tolliver ń bọ̀ wá wo òun ní ọjọ́ Sátidé. Noreen sọ fún Delbert. Delbert kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nínú gáréèjì ti tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Marvella ti gba bọ́ọ̀sì.

Delbert pe ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. “Gbogbo wa ń bọ̀ ní Sátidé! Marvella ti ń kọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A ó wakọ̀ láti òwúrọ̀ Ẹtì. O ò ní dá wà lọ́tẹ̀ yìí.”

Delbert gbọ́ tí Corbin ti ilẹ̀kùn kan.

“Ṣé o ń gbọ́ mi?”

“Ẹnikẹ́ni kì í ṣàìgbọ́ yín, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá.”

“Kí ni?”

“Bí ẹ bá pè mí, ọwọ́ mi á dúró dè yín. Mo ti gbìyànjú. Mo lè sáré jù ú bó bá jẹ́ pé ariwo lásán ni, kódà bí wọ́n bá ń bú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ‘Kọ́ọ́’ yẹn, ó di ẹ̀yìn abà. Bọ́ọ̀lù á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń lé mi náà á sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ń sọ fún wọn pé ó ti fẹ́ jù ú.”

Delbert wo fóònù bíi pé òun ló sọ̀rọ̀.

“Alẹ́ ọjọ́ yẹn,” ló wí, “ṣé àwa ni?”

“Ẹ̀yin ni, Dádì.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?”

“Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Gbogbo ìlú wọ bọ́ọ̀sì wá.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Noreen ti fẹ́ ẹ, Delbert sọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú yàrá kan náà kò gbọ́. Ohun tó sọ ni pé, “Ó dáa, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ló jókòó.

Noreen bi í, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. “Èmi àti ìwọ lè lọ jẹ́ẹ́,” ni Noreen wí. “A ó jókòó lẹ́yìn pátápátá.”

“Noreen, mo mọ ara mi. Bí mo bá rí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ yẹn, tí mo bá di ẹnu, imú ni màá fi pè é.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ibi tí Marvella ti ń kọ́ wọn, ó sì sọ fún wọn pé yìnyín ti dí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ní Iowa, pé ọlọ́pàá ti tì í pa.

Amstutz tẹ fóònù rẹ̀. “Fóònù ní oòrùn ló ń ràn ní Iowa o.”

“Fóònù yẹn kan náà ló ní kí o gba inú oko Yoder kọjá lọ síbi ìsìnkú àbúrò mi,” ni Delbert wí. “Mo bá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀!”

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni yóò rò ó láé pé Delbert Hoke ló fẹ́ jókòó sílé? Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Marvella gbá a mọ́ra, ó ní kó má sunkún, ìgbà yẹn gan-an ni Delbert wá rí i pé omi wà lójú òun.

Ní Sátidé, gbogbo wọn péjọ sí ilé oúnjẹ, Amstutz sì so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Marvella pín wọn sí ọ̀tún àti òsì láàárín àwọn tábìlì. Corbin gba bọ́ọ̀lù. “Kọ́—” ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wí, àwọ̀n ti mì. Ó tún gbà á. “Kọ́—” Ó tún ti wọlé. Apá òsì kò ráyè la ẹnu rárá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

“Ọmọ yìí ń kánjú,” Marvella ń ráhùn. “Kò dúró dè wá!”

Delbert kò pariwo. Ó di etí tábìlì mú, ẹnu rẹ̀ pa dé, ó ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kò tíì rí ọwọ́ yẹn ní tòótọ́ rí. Ó máa ń di ojú nígbàkigbà tó bá ń pariwo. Ó dára. Ó dára púpọ̀, kò sì nílò ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó kó abọ́ kúrò nílẹ̀, Corbin ti tẹ̀ wọ́n láago: Tolliver ti bá a sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ńlá ti mú un, kó máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ilé oúnjẹ dàrú. Wọ́n fò mọ́ra wọn, ẹnìkan da kọfí sí Amstutz lára, kò tilẹ̀ mọ̀.

Marvella fi ọwọ́ gbá Delbert lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń tàn. “O rí i? Láti ibí la ti pariwo, wo ohun tó ṣe! Bó bá jẹ́ pé a wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Hẹ̀n,” ni Delbert wí.

“Ibi tó ń bọ̀ yìí kò sì jìnnà, kò sí yìnyín tó lè dí i. Gbogbo eré wọn la máa lọ! Mo ń gba bọ́ọ̀sì méjì. Ọjọ́ wo ni ti àkọ́kọ́?”

Gbogbo ilé oúnjẹ yíjú sí i, inú wọn dùn, wọ́n ń dúró. Delbert wo Noreen, Noreen sì wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

“Wọn ò tíì sọ ọ́,” ni Delbert dáhùn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ débi pé Marvella fi ọwọ́ sí etí, ó ní kó tún un sọ.